Kí Lo Lè Ṣe? Ẹ̀kọ́ fún Ọ̀dọ́ tí Ń Wáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí jẹ mọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa sùn dáadáa lóru. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wíwá ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a parí àsàlátù ní Awo níbí, arákùnrin wa kan mú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀ wá pé kí á bá òun wò ó. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí OND nínú ìṣirò owó, ó sì ti tó ọdún méjì tí ó ti ń wá iṣẹ́. Ó ti lọ sí Ẹdẹ, ó ti lọ sí Òṣogbo, ó ti dé Ìbàdàn. A bi í pé, “Bí wọ́n bá pè ọ́ wọlé, tí wọ́n ní kí lo lè ṣe, kí lo máa ń sọ?” Ó ní, “Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ yòówù tí wọ́n bá fún mi ni n ó ṣe.” Kò sí ẹni tí ó fi í rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síbẹ̀ ni ó ti sọ irú rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀, arákùnrin yìí kan náà ni akápò àsàlátù wa láti ọdún mẹ́rin. Òun ni ó ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kò sì sí ọjọ́ kan tí owó dín. Láti kékeré ni ó sì ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò òwò gàrí: iye àpò tí wọ́n tà, iye owó ọkọ̀, àwọn oníbàárà tí ó jẹ gbèsè. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí nínú lẹ́tà tí ó mú wá. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìyẹn náà ni iṣẹ́ ni? Àti pé n kò fẹ́ máa yin ara mi.”

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kí á yẹ̀ wọ́n wò.

ÌDÍ TÍ “IṢẸ́ YÒÓWÙ” KÌ Í FI Í ṢE ÈSÌ

Bí ẹ bá dé ọjà, tí ẹ bi ìyá kan pé kí ni ó ń tà, tí ó ní, “Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ rà ni,” ẹ ó kọjá lọ. Kì í ṣe pé ẹ kórìíra rẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú igbá rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ta ẹ̀kọ a máa pè é ní ẹ̀kọ, ẹni tí ó ta mọ́ínmọ́ín a máa pè é ní mọ́ínmọ́ín. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò.

Ẹni tí ó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ní ìṣòro kan tí ó fẹ́ kí wọ́n bá òun yanjú. Bóyá ìwé owó rẹ̀ ti dàrú, bóyá àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bínú nítorí iṣẹ́ kì í parí lásìkò. Bí a bá sọ fún un pé iṣẹ́ yòówù ni a lè ṣe, òun ni a tún di ẹrù lé lórí pé kí ó lọ wá ohun tí a wúlò fún. Kò ní àkókò fún un, nítorí àwọn mìíràn pọ̀ lẹ́yìn wa.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde ní orílẹ̀-èdè yìí pe àwọn tí ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri fún ìdánwò. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500,000), àyè iṣẹ́ tí ó wà kò sì tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000). Èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, àwọn ọ̀dọ́ kan sì kú síbẹ̀. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. A kò sọ èyí láti dá ẹni tí kò ríṣẹ́ lẹ́bi. Bí gbogbo ènìyàn bá mọ lẹ́tà kọ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, àyè ẹgbẹ̀rún márùn-ún kò lè gba ọ̀kẹ́ àìmọye. Ohun tí a ń wí ni pé, níbi tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí kò wá rárá. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

ṢÉ ÌGBÉRAGA NI KÍ ÈNÌYÀN SỌ OHUN TÍ Ó MỌ̀?

Ẹ̀rù tí ó ba arákùnrin wa yìí ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ìgbéraga kò dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Suratu Yuusuf. Ọba Íjíbítì lá àlá, àwọn tí ó yí i ká kò lè tú u. Ànábì Yuusuf ni ó tú u pé ọdún méje oúnjẹ yóò pọ̀, ọdún méje ọ̀dá yóò sì tẹ̀ lé e. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe: kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n sì fi ọkà tí wọ́n bá kórè sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi díẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Nígbà tí ọba wá fẹ́ fi í sípò, Yuusuf kò sọ pé iṣẹ́ yòówù. Ó dárúkọ iṣẹ́ náà, pé kí wọ́n fi òun ṣe olùtọ́jú àká oúnjẹ ilẹ̀ náà, ó sì sọ ìdí méjì: òun mọ nǹkan tọ́jú, òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo Suratul-Kọsọsi. Ànábì Musa dé ìlú Madyana ní àlejò, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́. Ó rí obìnrin méjì tí wọn kò rí àyè fún ẹran wọn lómi, ó bá wọn fún ẹran wọn ní omi, kò sì béèrè owó. Ọ̀kan nínú wọn ni ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí ó gbà á síṣẹ́, nítorí pé ó ní agbára, ó sì ṣe é fọkàn tán. Bí Musa ṣe ríṣẹ́ ọdún mẹ́jọ nìyẹn, tí ó bá sì wù ú kí ó sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Nínú ìtàn méjèèjì, ohun méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀: ó mọ iṣẹ́ náà ṣe, ó sì ṣe é fọkàn tán. Yuusuf sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni ó sọ ọ́ fún Musa. Méjèèjì ni ó sì ti fi nǹkan hàn kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó dé. A mọ̀ pé Ànábì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ fún wa nípa kí á máa lé ipò àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń lé ipò.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Ìgbéraga a máa fi ara wé ẹlòmíràn, a ní, “Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bí èmi.” Ẹ̀rí kì í dárúkọ ẹlòmíràn. Ó kàn ń sọ pé, “Ohun tí mo ṣe nìyí, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo ṣe é fún.”

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A Ó BI ARA WA

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti fi ọwọ́ yín ṣe rí sílẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n san owó fún tàbí èyí tí wọn kò san. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Kí ni mo ṣe gan-an?
2. Báwo ni ó ti pọ̀ tó, tàbí ìgbà wo ni mo fi ṣe é?
3. Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde?
4. Ta ni ó lè jẹ́rìí sí i?

A bá arákùnrin wa ṣe é níjọ́ náà. “Mo mọ ìṣirò” di báyìí: “Mo ti ṣe akápò ẹgbẹ́ àdúà kan ní Awo fún ọdún mẹ́rin. Mo ń kọ owó tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde fún ọmọ ẹgbẹ́ ọgọ́ta (60). Oṣooṣù ni mo ń ka ìṣirò náà fún ẹgbẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ìwé mi wò, owó kò dín rí. Alága ẹgbẹ́ lè jẹ́rìí sí i.” Ní Gẹ̀ẹ́sì ni yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà o, ṣùgbọ́n bí a kò bá lè sọ ọ́ kí ó dá ṣáká ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì kò ní bá wa tún un ṣe.

Arábìnrin wa kan tí ó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ náà dá sí i. “Mo mọ aṣọ rán” ni ó ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá tí ó lọ bá. A bi í ní ìbéèrè mẹ́rin náà. A wá rí i pé ó rán aṣọ méjìlélógún (22) láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà Iléyá tí ó kọjá, pé gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tí ó ni í kí ọjọ́ ọdún tó pé, àti pé ọ̀kan péré ni wọ́n dá padà fún àtúnṣe. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ télọ̀ bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá wo ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ní gbé orí sókè? Ẹ kíyè sí i pé kò fi ẹyọ kan tí wọ́n dá padà pamọ́. Ìyẹn gan-an ni ó jẹ́ kí á gba ìyókù gbọ́.

Báyìí náà ni fún ẹni tí ó ti wà nínú ètò ìjọba. Ètò O’YES tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) ọ̀dọ́. N-Power ti ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀ kàn ń kọ orúkọ ètò náà àti ọdún tí wọ́n lò. Orúkọ ètò kò sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe. Kíláàsì wo ni ẹ kọ́? Ọmọ mélòó ni ó wà níbẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọn kò mọ̀ kí ẹ tó dé, tí wọ́n mọ̀ nígbà tí ẹ ń lọ? Ohun tí a ó kọ nìyẹn.

BÍ A Ó ṢE GBÉ E SÍNÚ ÌWÉ

Ìwé tí wọ́n ń pè ní CV kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tí ń lọ ni kí ó wà lókè. Iṣẹ́ tí ó jọ mọ́ èyí tí ẹ ń wá ni kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, ilé ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀gá bá pè wọ́n ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹ má ṣe kọ lẹ́tà kan kí ẹ wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lógún fún ogún ilé iṣẹ́. Ẹ ka ìkéde iṣẹ́ náà dáadáa, kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí ẹ sì mú èyí tí ó bá a mu jáde nínú ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Ilé ìwé tí ń wá ẹni tí yóò gba owó iléèwé kò nílò kí á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gbígbá. Bí wọ́n bá béèrè ohun mẹ́rin tí ẹ ní mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́ta náà, kí ẹ sì gbìyànjú.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Káfíńtà, wẹ́dà, rewáyà, télọ̀, bíríkìlà, gbogbo yín ni. Ìwé tí ọ̀gá fún yín lọ́jọ́ fúrídọ̀mù dára, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá lè máà mọ ọ̀gá yín. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Trade Test. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: láti ìpele kẹta ni a ti ń gòkè lọ sí ìkíní. NABTEB náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ tún máa ya fọ́tò iṣẹ́ tí ẹ bá parí sínú fóònù yín, kí ẹ kọ déètì sí i. Ilẹ̀kùn tí ẹ kàn ti wà nílé onílé, ẹ kò lè gbé e ròde, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé fọ́tò rẹ̀.

LỌ́JỌ́ ÌFỌ̀RỌ̀WÁNILẸ́NUWÒ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín jókòó bí ọ̀gá, kí ó bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ sì dáhùn síta kí etí yín gbọ́ ọ. Bí Òṣogbo ni ibi tí ẹ ń lọ, ẹ lọ wo ilé náà lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, nítorí ọkọ̀ láti Awo lè má tètè kún láàárọ̀. Kí aṣọ mọ́, kí híjáábù arábìnrin wa wà ní títẹ̀ dáadáa. Bí ẹni tí kò yẹ kí ẹ bọ̀ lọ́wọ́ bá na ọwọ́ sí yín, ẹ gbé ọwọ́ lé àyà, kí ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìkíni tí ó dára kì í bí ọmọlúàbí nínú.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ nípa ara yín, kì í ṣe ìtàn ìdílé ni wọ́n ń béèrè. Ẹ sọ iṣẹ́ kan tí ẹ ṣe, bí ẹ ṣe ṣe é, àti ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ìṣẹ́jú méjì tó. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ pé, “N kò tíì lò ó rí, ṣùgbọ́n mo ti lo èyí tí ó jọ ọ́, mo sì ṣe tán láti kọ́ ọ.” Bí ó bá di ọ̀rọ̀ Jímọ́ọ̀, ẹ má fi pamọ́ títí wọn yóò fi gbà yín tán. Ẹ sọ iye àkókò tí yóò gbà àti bí ẹ ó ṣe dí i fún iṣẹ́.

IRỌ́ ÀTI OWÓ Ẹ̀YÌN

Bí ọ̀kan ṣe ń dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń sọ ohun tí kò ní. Ní ọdún 1999, Salisu Buhari tí ó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá sọ pé òun gboyè ní yunifásítì Toronto ní Kánádà, ó sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn tú u fó, ó fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ìjọba dárí jì í lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ipò náà ti lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lóde òní pàápàá, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá ti ń yẹ èsì WAEC wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ san owó kí ẹ tó ríṣẹ́, ẹ sá fún un. Ẹni tí ó mọyì iṣẹ́ yín ni yóò san owó fún yín, kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò san fún un.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Arákùnrin wa tún lẹ́tà rẹ̀ kọ, ó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Òṣogbo. Títí di ìgbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì gbà á. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò bi òun ní ìbéèrè kejì. Ọ̀gá náà ní kí ó mú ìwé owó tí ó ń kọ wá kí òun wò ó. Kò dá a gbé lọ. Ó kọ́kọ́ wá bi ẹgbẹ́ bóyá a gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àṣírí àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè wà níbẹ̀. A ní kí ó da ojú ìwé kan kọ láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ó mú ìyẹn lọ. Nígbà tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá náà, ó ní ọkùnrin náà wo òun fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. A kò mọ ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó ti rí ohun méjì tí wọ́n rí lára Yuusuf àti Musa: ìmọ̀ iṣẹ́, àti ẹni tí ó ṣe é fọkàn tán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Iṣẹ́ wo ni ẹ ti ṣe láìgba owó, tí ẹ kò kà sí iṣẹ́? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin wa yẹ̀ ẹ́ wò.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rí àti ìgbéraga? Ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín ṣàlàyé rẹ̀.
3. Ta ni ó lè jẹ́rìí sí ìfọkàntán yín lónìí? Bí kò bá sí, kí ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ka mú bírò àti ìwé wá sí àsàlátù tí ń bọ̀, kí á jọ ṣe é pọ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba ṣí ilẹ̀kùn ìpèsè tí ó mọ́ fún wa, kí Ó má jẹ́ kí á wúlò tán kí ayé má mọ̀ ọ́n. Àmín.